Ẹni Tó Níwèé Ló Ń Lọ

Bàálù tó gbé Ingrid Bergman lọ ní ìparí fíìmù Casablanca kò lè fò. Pátákó tí wọ́n gé ní ìrísí bàálù ni, wọ́n sì ṣe é kéré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí inú ilé ni wọ́n ti ń ya àwòrán náà, ààyè ò sì gba bàálù gidi. Kí ojú má baà tètè mọ̀, àwọn ọkùnrin kúkurú ni wọ́n kó wá pé kí wọ́n máa ṣe bí ẹni ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe lókèèrè, kí pátákó náà lè dà bí ohun tó tóbi. Wọ́n wá fi kùrukùru bo gbogbo rẹ̀. Burbank ní California ni èyí ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1942. Òṣèré kan kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Mòrókò nítorí fíìmù yìí. Síbẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí aráyé ti ń fi omijé sin pátákó yẹn lọ sókè.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, Rick Blaine jẹ́ ará Amẹ́ríkà tó ní ilé ọtí àti ilé tẹ́tẹ́ kan ní Casablanca. Oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni. Jámánì ti gba Paris. Ìjọba Faransé tó ṣẹ́ kù fìdí kalẹ̀ sí Vichy lábẹ́ Ọ̀gágun Pétain, òun ló ń ṣàkóso Mòrókò, Jámánì ló sì ń wojú rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Àwọn tó ń sá fún Hitler ń wọkọ̀ ojú omi ní Marseille dé Oran, wọ́n ń ti Oran gba etí Áfíríkà dé Casablanca, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí tí wọ́n ń retí ìwé tí wọ́n máa fi wọ bàálù lọ sí Lisbon, kí wọ́n tó lè dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó lówó ń rà á. Ẹni tí kò lówó ń bẹ̀bẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin tó lẹ́wà ni, ọ̀gá ọlọ́pàá, Renault, ní ohun mìíràn tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìrìnnà méjì tí wọ́n jí wá bọ́ sí Rick lọ́wọ́. Kò pẹ́ sí i ni Ilsa Lund wọlé. Ilsa àti Rick ti jọ fẹ́ra rí ní Paris, wọ́n sì ti ṣàdéhùn pé àwọn á jọ sá kúrò níbẹ̀ nígbà tí Jámánì ń bọ̀, ṣùgbọ́n Rick dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin títí, Ilsa ò yọjú. Ìgbà tó máa wá yọjú yìí, òun àti ọkọ rẹ̀ ni, Victor Laszlo, ẹni tí àwọn Násì ń wá kiri. Ìwé méjì, ènìyàn mẹ́ta. Gbogbo fíìmù náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn ìfẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, Humphrey Bogart àti Ingrid Bergman sì ni olólùfẹ́ méjì tí sinimá Amẹ́ríkà fi ń yangàn jù. Ní Belleville tí mo ti wò ó kẹ́yìn, kì í ṣe ìfẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀.

Belleville yìí kì í ṣe ti Paris o. Àdúgbò kan ni ní Bouaké, ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire, níbi tí àdúgbò kan ń jẹ́ Dar-es-Salam, tí òmíràn sì ń jẹ́ Air France, bí ẹni pé àwọn tó sọ ìlú náà lórúkọ ti di ẹrù sílẹ̀ tipẹ́. Yorùbá ti pẹ́ lórílẹ̀-èdè yẹn. Láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí ni ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, Anago sì ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Èjìgbò ti ń rìn ọ̀nà náà, débi pé ẹni tó bá dé Èjìgbò lónìí lè gbọ́ Faransé lọ́jà bí ẹni pé ó ti ré bọ́dà mẹ́rin kọjá.

Ilé Alàájì kan ni mo wà. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé fíìmù náà jáde lédè Faransé, Bogart sì ń rọ́ Faransé wọ̀ìwọ̀ì bí ẹni tí wọ́n bí sí Marseille. Àwọn ọmọ ń kọjá níwájú wa, wọ́n ń fi èdè Jùlá bú ara wọn. Nígbà tí Rick gbé ìwé méjèèjì pa mọ́ sínú dùùrù Sam, olórin ilé ọtí rẹ̀, Alàájì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń fi laissez-passer sínú dùùrù? Inú bàtà là ń fi tiwa sí."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ò gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ fi tiyín sínú bàtà, Alàájì. Ìdí ìró ni mo so tèmi mọ́."

Alàájì dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé agolo mílíìkì kan jáde tí ìwé kún inú rẹ̀. Èyí tó yọ fún mi ti fẹ́lẹ́, ó ti ya síbi tí wọ́n ti ń ká a, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ti ṣá títí ó fi ku àmì aró roboto kan. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì í kọ. Ó ní òun ò jẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kọ, nítorí ẹni tó bá bẹ̀ wọ́n yóò tún san owó mìíràn.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ò rí Abidjan gbà, àmọ́ Bouaké bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó sì di olú ìlú apá àríwá tí àwọn tó wá ń jẹ́ Forces Nouvelles ń ṣàkóso. Orílẹ̀-èdè là sí méjì. Ṣọ́jà Faransé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dúró sáàárín. Báńkì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjà tàbí ara rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ ní laissez-passer, yóò sì san owó ní báríyà kan kó tó dé òmíràn. Ìwé tó sì ń gbani ní apá ibí lè di ẹ̀sùn síni lọ́rùn ní apá ọ̀hún, torí ní gúúsù nígbà yẹn, bí orúkọ ènìyàn bá ti jọ ti ará àríwá tàbí ti àlejò, wọ́n á ní kó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Keje ọdún 2007 ni Ààrẹ Laurent Gbagbo àti Guillaume Soro, olórí ọlọ̀tẹ̀ tó ti di olórí ìjọba, wá dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré Bouaké pé ogun parí. Kò tíì parí tán. Ó tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò 2010, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí kó tó rọlẹ̀ lọ́dún 2011.

Ìdí rèé tí wọn ò fi rẹ́rìn-ín ní Belleville níbi tí àwọn tó wà nílé ọtí Rick ti ń ta òrùka àti ohun ọ̀ṣọ́ wọn ní ẹ̀dínwó. Ọmọbìnrin Bulgaria kan wà nínú fíìmù náà, òun àti ọkọ rẹ̀ ò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, ó wá bi Rick bóyá Renault jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé. Kò sọ ohun tí Renault fẹ́ gbà. Rick náà ò bi í. Ìyàwó Alàájì dá ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Àwọn tó mọ ìtàn ogun yẹn dáadáa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé irú ìwé àṣẹ tó wà nínú Casablanca kò sí rí. Murray Burnett àti Joan Alison ló hùmọ̀ rẹ̀ nínú eré tí wọ́n kọ lọ́dún 1940, eré tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé sórí ìtàgé tí Warner Bros fi fi 20,000 dọ́là rà á. Nínú fíìmù, Ugarte tó ní ìwé náà lọ́wọ́ dárúkọ ọ̀gágun tó bu ọwọ́ lù ú. Peter Lorre tó ṣe Ugarte ló máa ń fi ohùn imú pe nǹkan, nítorí náà etí kan gbọ́ Weygand, etí kejì gbọ́ de Gaulle, wọ́n sì ń jiyàn rẹ̀ títí di òní. Bó bá jẹ́ de Gaulle, a jẹ́ pé olórí ọ̀tá Vichy ló fọwọ́ sí ìwé tí ọlọ́pàá Vichy ò gbọdọ̀ yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ Weygand, ọ̀gágun Vichy, wọ́n ti yọ ọ́ nípò ní Áfíríkà ní oṣù Kọkànlá 1941, ṣáájú kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó fún Alàájì. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní ìwé méjì ni òun ní nígbà ogun, èyí tí wọ́n yẹ̀ wò àti èyí tí wọ́n gbà, ìkejì kò sì bá ìkíní mu.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ sí nínú fíìmù. Lọ́dún 1941 tí wọ́n ní Rick ń mutí ní Casablanca, ìjọba Vichy kan náà ló ń ṣàkóso Bouaké. Pierre Boisson ni aṣojú rẹ̀ àgbà ní Dakar, ọkùnrin tó yìnbọn lé de Gaulle àti ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1940. Ilẹ̀ Gold Coast, Gánà òní, wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Côte d'Ivoire gan-an. Bọ́dà tí oníṣòwò ti ń fẹsẹ̀ gbá kọjá wá di ààlà láàárín ọ̀tá méjì, Yorùbá tó ń tajà ní ìlú abẹ́ Faransé sì jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ọmọ abẹ́ ọ̀tá ni òun, nítorí àsíá Gẹ̀ẹ́sì ló ń fẹ́ nílé bàbá rẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1941 yẹn ni ọba Gyaman ní Bondoukou, Kwadwo Agyeman, òun àti ọmọ rẹ̀ Kouamé Adingra, kó èèyàn wọn sọdá sí Gold Coast láti lọ dara pọ̀ mọ́ de Gaulle. Ọba fi ààfin sílẹ̀ fún Vichy. Kò tọrọ ìwé lọ́wọ́ Renault kankan. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó Warner Bros, fíìmù tí ǹ bá ṣe nìyẹn.

Àwọn tí kò lè sọdá ńkọ́? Ojú irin Abidjan ti dé Bouaké láti ọdún 1912, Robert Gonfreville sì ti dá ilé iṣẹ́ òwú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin agbègbè yẹn, ìrìnàjò tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí ìjọba kó wọn lọ: iṣẹ́ tipátipá lójú ọ̀nà, àti lóko kòkó òun kọfí òyìnbó ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Àwọn tí Bogart ń ṣàánú fún ń wá ìwé kí wọ́n lè lọ. Àwọn wọ̀nyí, ìwé ni ì bá gbà wọ́n lọ́wọ́ lílọ. Félix Houphouët-Boigny, ọmọ Baoulé tó ní oko tirẹ̀, kó àwọn àgbẹ̀ dúdú jọ sí ẹgbẹ́ kan lọ́dún 1944, ó sì ti ẹgbẹ́ náà dé ilé aṣòfin ní Paris. Òfin tó pa iṣẹ́ tipátipá rẹ́, èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1946.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bogart àti Bergman, nítorí kò sí bí a ṣe fẹ́ yẹ̀ wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Bogart jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógójì, àtijọ́ ni wọ́n ti ń fún un ní ipa jàǹdùkú àti ọ̀daràn, kò sì tíì sí ẹni tó rò pé obìnrin lè máa sunkún nítorí rẹ̀. Bergman, ọmọ Sweden, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó tún fi díẹ̀ ga ju Bogart lọ. Michael Curtiz, olùdarí, wá ń fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bí wọ́n bá jọ dúró, ó ń fi tìmùtìmù sábẹ́ ìdí rẹ̀ bí wọ́n bá jọ jókòó. Ìyàwó Bogart nígbà náà, Mayo Methot, ń jowú kíkan, ó rò pé nǹkan kan wà láàárín wọn. Kò sí nǹkan kan. Bergman sọ lẹ́yìn náà pé òun fẹnu kò ó lẹ́nu, àmọ́ òun ò mọ̀ ọ́n rárá. Wọn ò jọ ṣe fíìmù mìíràn mọ́ títí Bogart fi kú lọ́dún 1957.

Kí ló wá mú un dùn tó bẹ́ẹ̀? Èmi gbà pé àìsí ìwé ni, lọ́nà kan. Wọn ò tíì kọ eré náà tán nígbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí yí. Julius àti Philip Epstein, ìbejì, ń kọ apá kan. Howard Koch ń kọ apá kejì. Ewé tuntun ń dé lọ́wọ́ òṣèré bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bergman bi Curtiz pé èwo nínú ọkùnrin méjèèjì ni òun nífẹ̀ẹ́. Curtiz ò lè dá a lóhùn, ó ní kó máa ṣe é sáàárín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe é. Ẹ wo ibi tó ti ní kí Sam kọ orin àtijọ́ kan. Kámẹ́rà kàn dúró lé ojú rẹ̀ ni. Arthur Edeson tó ń ya àwòrán ti fi iná sí ipò tí ìmọ́lẹ̀ kékeré fi ń tàn nínú ẹyinjú rẹ̀, apá òsì ojú rẹ̀ ló sì fẹ́ràn láti yà. Bergman ò ṣe nǹkan kan. Kò sunkún, kò mi orí. Ó kàn ń wo ibi kan tí kò sí nínú yàrá náà. Obìnrin tí kò mọ ọkọ̀ tí òun máa wọ̀ ló jókòó síbẹ̀, kò sì ṣe é bí eré, torí kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Orin náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wà níbẹ̀. Herman Hupfeld ló kọ ọ́ lọ́dún 1931. Max Steiner tó ń ṣe orin fíìmù náà ò fẹ́ràn rẹ̀, ó fẹ́ fi tirẹ̀ rọ́pò, èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n tún àwọn ibì kan yà. Ṣùgbọ́n Bergman ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún fíìmù tó kàn, kò sì sí bó ṣe lè tún di Ilsa. Irun ló gba orin náà là.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, tọkọtaya tó yẹ ká máa sọ̀rọ̀ wọn nínú Casablanca kì í ṣe àwọn méjèèjì yìí. Ẹ wo ọkùnrin kúkurú tó ń yí àgbá tẹ́tẹ́ nílé Rick, Emil. Marcel Dalio ni. Ẹ tún wo Yvonne, ọmọbìnrin tí Rick já sílẹ̀, tó ń fi omijé kọ orin Faransé nígbà tí Laszlo ní kí wọ́n fi bo orin àwọn ọmọ ogun Jámánì mọ́lẹ̀. Madeleine Lebeau nìyẹn. Tọkọtaya ni wọ́n lóòótọ́. Gbajúmọ̀ ni Dalio ní Paris, Júù sì ni. Àwọn Násì fi fọ́tò ojú rẹ̀ ṣe pátákó ìkìlọ̀ láti fi han ará ìlú bí Júù ṣe ń rí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sá jáde, wọ́n dé Lisbon, wọ́n rí físà Chile gbà, wọ́n wọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ dé Mexico kí wọ́n tó gbọ́ pé ayédèrú ni físà náà. Wọ́n há síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò mìíràn, títí wọ́n fi rí ìwé ìrìnnà onígbà díẹ̀ ti Canada, tí wọ́n sì wọ Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, nígbà tí Dalio ń yí àgbá tẹ́tẹ́ nínú ilé ọtí tí wọ́n fi pákó kàn ní Burbank, tí àwọn òṣèré yí i ká tí wọ́n ń ṣe bí ẹni ń wá físà, òun nìkan kọ́ ló mọ bó ṣe ń rí gan-an. Nínú àwọn tí orúkọ wọn hàn lójú fíìmù náà, àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n bí ní Amẹ́ríkà: Bogart, Dooley Wilson àti Joy Page. Conrad Veidt tó ṣe ọ̀gá Násì ti sá kúrò ní Jámánì nítorí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ Júù. Omijé Lebeau kì í ṣe ti eré. Ibi tó sì máa ń dùn mí sí ni pé ìgbéyàwó tó la ayédèrú físà já kò la Hollywood já: inú oṣù tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́ ni Dalio pẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Lebeau ló kú kẹ́yìn nínú gbogbo wọn. Ọdún 2016 ló kú, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún.

Dooley Wilson tí mo dárúkọ ni Sam. Fíìmù tó ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà, ènìyàn dúdú kan ṣoṣo tó ní ipa gidi nínú rẹ̀, Tyler ní Texas ni wọ́n bí i sí. Onílù ni, kò mọ dùùrù tẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un níbi tí kámẹ́rà ò dé. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùnléláàádọ́ta nígbà náà, Ilsa tí kò tíì pé ọgbọ̀n sì ń pè é ní ọmọ. Fíìmù náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń rùn, torí nígbà tí oníṣòwò Ferrari fẹ́ ra Sam mọ́ ilé ọtí, Rick ní òun kì í ra ènìyàn, òun kì í tà á. Àmọ́ ará Mòrókò tó kọjá lẹ́yìn wọn kò ní orúkọ, kò ní ọ̀rọ̀, a ò sì mọ̀ bóyá òun náà ń wá ìwé.

Ó ní ìdí tí Áfíríkà kò fi lè tètè dá Hollywood lóhùn. Lọ́dún 1934, Pierre Laval tó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókèèrè ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya fíìmù ní Áfíríkà abẹ́ Faransé láìgba àṣẹ ìjọba. Laval yìí kan náà ni olórí ìjọba Vichy nígbà tí Casablanca jáde. Ìwé àṣẹ náà ló tún wà nídìí rẹ̀. Paulin Soumanou Vieyra, ọmọ Àjàṣẹ́ tiwa níbí, parí ẹ̀kọ́ sinimá ní Paris, ó rí i pé kò rọrùn láti ya fíìmù nílẹ̀ wa, ó wá ya Afrique-sur-Seine ní Paris níbẹ̀ lọ́dún 1955, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé sinimá Áfíríkà abẹ́ Faransé, ọwọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó méjì, COMACICO àti SECMA, ló pọ̀ sí jù. Ohun tí wọ́n bá kó wá ni à ń wò. Ìgbà tí Jean Rouch, òyìnbó Faransé, sì gbé kámẹ́rà dé Treichville ní Abidjan láti ya Moi, un noir, tó jáde lọ́dún 1958, ó bá àwọn ọ̀dọ́ Niger tí wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté. Ọ̀kan ní Edward G. Robinson ni òun, òmíràn ní Tarzan, ọmọbìnrin kan ní òun ni Dorothy Lamour. Oúnjẹ òòjọ́ ṣòro fún wọn, àmọ́ orúkọ òṣèré Hollywood wà lórí wọn bí ẹ̀wù Àìkú. Ẹni tó ń jẹ́ Robinson yẹn, Oumarou Ganda, kò dúró lórí orúkọ. Ó di olùdarí fíìmù, fíìmù rẹ̀ Le Wazzou polygame ló sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún sinimá FESPACO, Ouagadougou, lọ́dún 1972.

Casablanca gba Oscar mẹ́ta, títí kan ti fíìmù tó dára jù. Oríire rẹ̀ kọjá ti òṣèré. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1942 ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí àríwá Áfíríkà, Casablanca sì wà lára ibi tí wọ́n gbà. Ọjọ́ 26 oṣù kan náà ni wọ́n sáré gbé fíìmù náà jáde ní New York. Ìgbà tó fi máa tàn káàkiri Amẹ́ríkà ní oṣù Kìn-ín-ní 1943, Roosevelt àti Churchill ti ń ṣèpàdé ní Casablanca gan-an. Warner Bros ì bá sanwó fún ìpolongo, kò lè rí irú rẹ̀ rà. Oṣù Kọkànlá yẹn náà ni Boisson yí padà ní Dakar, tó kó gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà abẹ́ Faransé, Bouaké pẹ̀lú, kúrò lẹ́yìn Vichy.

Ní Belleville, nígbà tí Rick fún Ilsa àti Laszlo ní ìwé méjèèjì, Alàájì ní òpè ni. Ìyàwó rẹ̀ ò gbà. "Ọkọ ẹ̀ ló tẹ̀ lé. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?" Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin ìwà rere tí Hollywood ń tẹ̀ lé nígbà náà wí: obìnrin inú fíìmù ò gbọdọ̀ fi ọkọ sílẹ̀ tẹ̀ lé àlè, kó sì gbádùn rẹ̀. Bergman fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé òfin náà. Lọ́dún 1949 ó lọ ya fíìmù ní Ítálì pẹ̀lú Roberto Rossellini, ó lóyún fún un, ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dìde sí i nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà bí ẹni pé ó ta ìlú fún ọ̀tá. Ìyàwó Alàájì gbọ́ èyí, ó ní ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kí n má fi kún ti fíìmù.

Ohun tí Alàájì kò yé bi mí léèrè ni ti Rick àti Renault. Bàálù ti lọ pẹ̀lú ìwé méjèèjì. Rick ti yìnbọn pa ọ̀gá Násì. Renault ju ìgò omi Vichy sínú ìdọ̀tí, ó ní àwọn ọmọ ogun de Gaulle wà ní Brazzaville, òun lè bá Rick ṣètò ọ̀nà dé ibẹ̀, owó tẹ́tẹ́ 10,000 franc tí òun sì jẹ ẹ́ ni wọ́n máa fi ṣe ìnáwó. Wọ́n wọ inú kùrukùru. Ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà? Alàájì fi ìka ya àwòrán ilẹ̀ sórí ẹní. Láti Mòrókò lọ sísàlẹ̀, Dakar wà lọ́wọ́ Boisson, Bouaké wà lọ́wọ́ Boisson, Kútònú pẹ̀lú. Àfi kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ bá Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown, kí wọ́n ti ibẹ̀ dé Takoradi, kí wọ́n sì ti Takoradi bọ́ sí Èkó, nítorí ibẹ̀ ni bàálù Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ sí Kánò àti Khartoum nígbà ogun yẹn. Èkó ni wọ́n á ti máa wá ọ̀nà Brazzaville. A jọ gbà bẹ́ẹ̀, èmi àti òun. Ṣùgbọ́n ó ní owó Renault ò ní gbé wọn débì kankan ní Èkó: pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná níbẹ̀, wọ́n á ní láti kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá wọn ṣẹ́ franc.